Gírísì Ni Ẹ̀mí Ọkọ̀ Àjàgbé Àtijọ́

Ìró náà ló kọ́kọ́ dé etí àwọn tó wà lójú títì Onírèké ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbàà! Lẹ́yìn náà ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin, gbangan-gbangan, lábẹ́ ọkọ̀. Mercedes 911 ni ọkọ̀ ọ̀hún. Pákó ló kó dé òkè téńté, apá Ẹlẹ́yẹlé ló ti ń bọ̀, Dùgbẹ̀ ló dojú kọ. Kò rìn jìnnà mọ́ tó fi dúró. Ẹ́ńjìnnì ń bú, dẹ́rẹ́bà ń tẹná, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kò yí.

Kí dẹ́rẹ́bà tó sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ọkọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti ti igi bọ abẹ́ táyà kí ẹrù má baà fa ọkọ̀ náà padà sẹ́yìn. Àwọn onímáíkírà tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè. Àwọn ọlọ́kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Nígbà tí àgbà mẹkáníìkì tí wọ́n ránṣẹ́ pè dé, kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì fà wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ìgbà tó jáde, àjákù irin kékeré kan ló mú lọ́wọ́. Ojú ibi tó ti já ti pọ́n fún ìpẹtà.

"Ẹ wò ó, Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà," ló wí. "Ìgbà wo lẹ fún un ní gírísì kẹ́yìn?"

Dẹ́rẹ́bà wo irin náà, ó wo pákó tó wà lórí ọkọ̀, kò sì fèsì.

Kírọ́ọ̀sì ni àwọn mẹkáníìkì ń pe irin tó já yìí. Èèyàn lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e. Síbẹ̀, bó bá já, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù kò ní lè kúrò lójú kan. Ohun tí kò sì jẹ́ kó tètè já kò ju gírísì lọ, gírísì tí kò wọ́n, tí fífún un kò sì gba àkókò.

Irin alápá mẹ́rin

Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ àjàgbé wà níwájú, wọ́n sì dè wọ́n mọ́ egungun ọkọ̀ gbọn-in gbọn-in. Ẹ̀yìn ni díìfù tó ń yí táyà wà, súpíríìngì ló sì gbé e dúró. Bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, díìfù á lọ sókè. Bó bá jáde nínú kòtò, díìfù á padà sísàlẹ̀. Pùròpẹ́là, ìyẹn irin gígùn tó ń gbé agbára láti iwájú lọ sẹ́yìn, gbọ́dọ̀ máa yí lọ láìdáwọ́ dúró bó ti wù kí díìfù máa jó tó.

Bó bá jẹ́ pé irin gbọọrọ kan lásán ni wọ́n fi so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, kòtò àkọ́kọ́ ni yóò ṣẹ́ ẹ. Kírọ́ọ̀sì tó wà ní orí àti ìdí pùròpẹ́là ni kò jẹ́ kó ṣẹ́. Ó ní apá mẹ́rin. Fọ́ọ̀kì irin kan di méjì mú nínú apá náà, fọ́ọ̀kì kejì di méjì yòókù mú. Báyìí ni pùròpẹ́là ṣe lè tẹ̀ díẹ̀, kó sì tún máa yí.

Orí apá kọ̀ọ̀kan ni kọ́ọ̀pù irin kan dé lé. Inú kọ́ọ̀pù yìí ni àwọn irin tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní abẹ́rẹ́ to yí ká, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ni wọ́n ń yí kí irin má baà máa ha irin. Rọ́bà kékeré kan wà lẹ́nu kọ́ọ̀pù tí kì í jẹ́ kí gírísì jáde tàbí kí iyanrìn àti omi wọlé. Ojúhò kan tún wà lára kírọ́ọ̀sì, nípù ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún gírísì sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni irin yìí ń ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, bí dẹ́rẹ́bà bá ti wà ní gíà tó ga jù, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ni pùròpẹ́là ń yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, pùròpẹ́là náà á yí nígbà 2,000. Ní gíà kìíní, yíyí rẹ̀ á falẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tó ń kọjá lára rẹ̀ á di ìlọ́po ti ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí kírọ́ọ̀sì fi máa ń já nígbà tí ọkọ̀ tó kún fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, tàbí nígbà tó bá ń gun òkè.

Ọgbọ́n inú kírọ́ọ̀sì ti pẹ́ láyé. Orúkọ Gerolamo Cardano, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì tó gbé ayé láti ọdún 1501 sí 1576, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Yúróòpù ṣì fi ń pè é. Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò ó nínú ẹ̀rọ tirẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú Cardano. Clarence Spicer, ará Amẹ́ríkà, ló wá sọ ọ́ di ohun tí ọkọ̀ ń lò. Ọdún 1903 ni ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀.

Bí 911 ṣe di ọmọ onílé

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìbàdàn ti ń gbé ẹrù. Ọdún 1901 ni rélùwéè dé ìlú yìí láti Èkó. Ní 1906, wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, èyí tí àwọn òpìtàn kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bí kòkó ṣe ń so lóko bẹ́ẹ̀ ni lọ́rì ń pọ̀ sí i. Olóyè Salami Àgbájé, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ Ìbàdàn láyé òyìnbó amúnisìn, wà lára àwọn tó tètè fi owó sí òwò ọkọ̀ akẹ́rù.

Bedford ló gba ìgboro lẹ́yìn náà. Ìlú Luton ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iléeṣẹ́ Vauxhall ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1931. Egungun àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń dé, àwọn káfíńtà tiwa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ ìṣítí sí iwájú orí rẹ̀. Bọ̀lẹ̀kájà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Mercedes onímú kúkúrú dé tẹ̀ lé e. Ìparí àwọn ọdún 1950 ni ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ọkọ̀ yìí, 911 sì jáde láàárín àwọn ọdún 1960. Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀: ìwúwo ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tó nǹkan bí ẹṣin 110. Ṣùgbọ́n ẹrù tí a ń dì lé e lórí nílẹ̀ yìí, tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án kọ́. Kírọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára.

Nígbà kan, ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀. Leyland ní iléeṣẹ́ tirẹ̀ ní Ìbàdàn níbí, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ àjàgbé àti Land Rover. ANAMMCO ń to Mercedes ní Enúgu, Steyr wà ní Bauchi, Fiat sì ní tirẹ̀ ní Kánò. Ẹni tó bá fẹ́ kírọ́ọ̀sì tòótọ́ nígbà náà mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Ọdún 1986 yí nǹkan padà. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ lọ́dún náà mú kí náírà já wálẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ kan tàbí méjì jẹun kò sì tó ọkọ̀ tuntun mọ́. Wọ́n yíjú sí tòkunbọ̀, wọ́n sì di èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ mú. Nígbà tí náírà tún já lọ́dún 2023, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó dàgbà ju dẹ́rẹ́bà tó ń wà á lọ fi ṣì ń kó pákó wọ Bódìjà, tó ń kó iyanrìn àti òkúta lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń kọ́lé.

Ìdí mìíràn tún wà tí 911 kò fi kú. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, ohun tó bá ń ṣe é, sípánà àti etí tó mọ ohùn ẹ́ńjìnnì ló ń wá a rí. Bákan náà, Jámánì nìkan kọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Iléeṣẹ́ Tata ní Íńdíà bá Daimler-Benz ṣe àjọṣe láti 1954 di 1969, Mercedes sì tún ń ṣe irú rẹ̀ ní Brazil. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà ara rẹ̀ fi pọ̀ lọ́jà, tòótọ́ àti ayédèrú.

Ó máa ń kìlọ̀ kó tó já

Kírọ́ọ̀sì kì í ṣàdédé já, gbogbo àgbà mẹkáníìkì ló gbà bẹ́ẹ̀. "Yóò bá ẹ sọ̀rọ̀," bàbá kan tó ti ń tún àjàgbé ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ sọ fún wa. "Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ni kì í gbọ́."

Ohùn àkọ́kọ́ ni fín-ín fín-ín bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ. Ó túmọ̀ sí pé gírísì ti gbẹ, abẹ́rẹ́ ti ń ha irin. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò máa dún "kó" nígbàkigbà tí dẹ́rẹ́bà bá jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì mú, tàbí tó bá kúrò ní gíà iwájú bọ́ sí rìfáàsì. Nígbà yìí, àyè ti wà láàárín apá kírọ́ọ̀sì àti kọ́ọ̀pù. Èyí tó kẹ́yìn ni gbígbọ̀n tí ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n lábẹ́ àga, tí yóò máa pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i.

Ojú náà ń rí i. Bí ìyẹ̀fun pupa bí ìpẹtà bá yọ lẹ́nu kọ́ọ̀pù, omi ti wọlé, gírísì ti tán nínú rẹ̀. Ọwọ́ pẹ̀lú ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fi igi dènà táyà, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á yọ gíà, wọ́n á wá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ kírọ́ọ̀sì mú, wọ́n á yí i síwá, wọ́n á yí i sẹ́yìn, wọ́n á tún gbé e sókè sódò. Bó bá mì, ó ti tó pààrọ̀.

Ẹni tó bá kọ̀ tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ yìí, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ léwu. Bí kírọ́ọ̀sì iwájú bá já lórí eré, orí pùròpẹ́là á balẹ̀, á máa gbẹ́ ọ̀dà títì, ó sì lè ti ọkọ̀ sókè. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló já, irin tó ń yí fìrì yóò máa na ohun gbogbo tó bá wà nítòsí rẹ̀: páìpù bírékì, táǹkì epo, ìdí pákó tí èèyàn jókòó lé.

Ewu tó tún burú ni ti orí òkè. Bí pùròpẹ́là bá já, ẹ́ńjìnnì kò lè bá táyà ẹ̀yìn dá ọkọ̀ dúró mọ́. Gíà kò wúlò. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn, irú bíi Land Rover ayé ọjọ́un, bírékì ọwọ́ pàápàá wà lẹ́nu ibi tí pùròpẹ́là ti jáde ni. Bí pùròpẹ́là bá lọ, bírékì ọwọ́ náà lọ. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ òkè Mọ́kọ́lá àti òkè Mápó, tó sì mọ bí èèyàn ṣe ń pọ̀ tó nísàlẹ̀ wọn, yóò mọ ohun tí à ń wí.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Àgbà mẹkáníìkì tó wá sí Onírèké kò kánjú. Ó ní kí wọ́n fi igi dènà táyà níwájú àti lẹ́yìn, nítorí pé bí wọ́n bá ti tú pùròpẹ́là, kò sí gíà tó lè di ọkọ̀ náà mú mọ́. Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà funfun kan sára pùròpẹ́là níbi tí apá méjèèjì rẹ̀ ti wọnú ara wọn, ó sì fa òmíràn sí ibi tó ti so mọ́ díìfù. Ọmọ iṣẹ́ náà béèrè ohun tí ìlà wà fún.

"Bí o ṣe tú u ni kí o ṣe dè é," ọ̀gá rẹ̀ dá a lóhùn. "Bí o bá gbé e gba ibòmíràn wọlé, yóò máa gbọ̀n títí yóò fi tú gíábọ́ọ̀sì."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ pọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Bí pùròpẹ́là bá tẹ̀ níbi kírọ́ọ̀sì, yíyí tó ń ti ibẹ̀ jáde kì í dọ́gba. Nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, yóò yára lẹ́ẹ̀mejì, yóò falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kírọ́ọ̀sì kejì ló ń tún un ṣe, tí yíyí fi ń dé ọ̀dọ̀ díìfù ní dọ́gbadọ́gba. Ṣùgbọ́n àfi bí fọ́ọ̀kì méjèèjì tó wà lórí pùròpẹ́là bá wà lójú ìlà kan náà. Bí wọ́n bá yà kúrò lójú ìlà, kírọ́ọ̀sì kejì á dá kún wàhálà ti àkọ́kọ́.

Wọ́n tú nọ́ọ̀tù àti bóòtù, èèyàn méjì sì gbé pùròpẹ́là sọ̀ kalẹ̀, torí ó wúwo ju ẹni kan lọ. Wọ́n fi páláyà yọ lọ́ọ̀kì, ìyẹn irin kékeré tó ń di kọ́ọ̀pù mú sáyè rẹ̀. Wọ́n gbé fọ́ọ̀kì sẹ́nu fáìsì, wọ́n ń fún un díẹ̀díẹ̀ títí kọ́ọ̀pù fi yọ jáde. Mẹkáníìkì náà ní òun ti rí àwọn tó máa ń fi òòlù ńlá lu etí fọ́ọ̀kì níbi yìí. Etí náà á tẹ̀, ojúhò rẹ̀ á gùn bí ẹyin, kírọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n bá fi síbẹ̀ kò sì ní pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Nígbà tí kọ́ọ̀pù kejì ṣí, a rí ohun tí àìfúnni-ní-gírísì ṣe. Apá kírọ́ọ̀sì tó yẹ kó máa dán ti di abílà: àwọn abẹ́rẹ́ ti gbẹ́ ojú ìlà tẹ̀ léra tẹ̀ léra sí i lára bí gọ̀ǹbọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà. Abẹ́rẹ́ mélòó kan ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ìyókù dà sínú iyanrìn ẹ̀bá títì, wọ́n sì ti gbẹ.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi tuntun sí i, mẹkáníìkì náà fi epo bẹntiróòlù fọ ojúhò fọ́ọ̀kì mọ́, ó fi ìka wò ó bóyá ó gún régé. Ó fi gírísì pa inú kọ́ọ̀pù tuntun kí àwọn abẹ́rẹ́ lè lẹ̀ mọ́ àyè wọn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ń ti kùnà. Bí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo bá ṣubú lulẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù, kọ́ọ̀pù náà kò ní wọlé tán, lọ́ọ̀kì kò sì ní rí àyè jókòó. Ẹni tí kò ní sùúrù á mú òòlù, á fi agbára lù ú wọlé. Ẹni tó gbọ́n á yọ ọ́, á tò ó padà.

Lẹ́yìn tí lọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó tán, ó fi ọwọ́ mi kírọ́ọ̀sì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó le níbi kan. Ó fi òòlù kékeré gbá fọ́ọ̀kì pẹ́, ó sì rọ̀. Wọ́n gbé pùròpẹ́là padà, ìlà ṣọ́ọ̀kì bá ìlà ṣọ́ọ̀kì, wọ́n dì í ní bóòtù tuntun. Kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, ó gba ìbọn gírísì.

Bí wọ́n ṣe ń fún un ní gírísì

Ó kọ́kọ́ fi àkísà nu nípù. Iyanrìn tó bá wà lẹ́nu nípù, inú kírọ́ọ̀sì ni ìbọn gírísì yóò tì í lọ, yóò sì máa lọ irin níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń fún un wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ẹnu kọ́ọ̀pù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gírísì àtijọ́ tó ti dúdú ló kọ́kọ́ ń yọ, kí tuntun tó tẹ̀ lé e. Kò dáwọ́ dúró títí tuntun fi yọ ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fún un títí yóò fi yọ lójú kan, wọ́n á ní ó ti tó. Ṣùgbọ́n apá tí gírísì kò ti yọ gan-an ni ebi ń pa, òun náà ni yóò já. Bí gírísì bá kọ̀ tí kò yọ níbì kan, kí wọ́n mi pùròpẹ́là náà, kí wọ́n tún fún un. Bó bá kọ̀ síbẹ̀, kí wọ́n tú u wò.

Gírísì náà yàtọ̀ síra. Èyí tó dára fún iṣẹ́ yìí ni gírísì lítíọ́ọ̀mù nọ́ńbà 2, irú èyí tí wọ́n kọ EP sí lára, tí wọ́n ṣe fún ibi tí ẹrù ti ń tẹ irin mọ́ irin. Gírísì tí kò lórúkọ, tí wọ́n ń bù nínú gáréwá ṣíṣí lójú ọjà, iyanrìn àti omi lè ti dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n máa fún un? Ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé lọ́wọ́, àwọn àgbà mẹkáníìkì ní òfin kan tó rọrùn: ìgbàkigbà tí o bá pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, fún kírọ́ọ̀sì ní gírísì. Ti àwọn tó ń wọ odò lọ kó iyanrìn tún yàtọ̀. "Ọkọ̀ tó bá ti wọmi, kí ilẹ̀ tó ṣú ni kó rí gírísì," bí ọ̀kan nínú wọn ṣe wí. Omi máa ń gba ẹnu rọ́bà wọlé, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà típà kan tó ń na Onírèké déédéé sọ pé ọ̀gá òun kì í fún òun lówó gírísì. "Bó bá já, á wá owó kírọ́ọ̀sì. Á san owó mẹkáníìkì, á san owó ọjọ́ tí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó gírísì, ó ní kò sí." Ọ̀rọ̀ yìí dunni, nítorí pé gáréwá gírísì kan kò tó owó táyà kan, bẹ́ẹ̀ ó lè bá ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ayédèrú lọ́jà

Bí kírọ́ọ̀sì bá ti bàjẹ́, ọjà Àràròmí ní Agódi Gate ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn máa ń lọ. Èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù, wà níbẹ̀. Tuntun náà wà níbẹ̀. Nínú tuntun náà, èyí tó dára àti èyí tí kò dára jọ wà nínú páálí tó jọra.

Àgbà kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní kí oníbàárà má ṣe fi orúkọ ọkọ̀ nìkan ra kírọ́ọ̀sì. Kó mú ti àtijọ́ dání, kó fi ìwọ̀n ẹnu kọ́ọ̀pù wé ti tuntun, kó sì wọn gígùn rẹ̀ láti etí dé etí. Bí ó bá fi díẹ̀ kéré, yóò máa mì nínú fọ́ọ̀kì. Bí ó bá fi díẹ̀ tóbi, wọ́n á fi òòlù bá a jà. Kó tún ṣí kọ́ọ̀pù kan wò: kí abẹ́rẹ́ pé, kí rọ́bà má le gbandi, kí apá kírọ́ọ̀sì dán láìní àpá.

Ohun mìíràn tún ti dé. Àwọn kírọ́ọ̀sì tuntun kan kò ní nípù rárá. Wọ́n ti dí gírísì mọ́ inú wọn láti iléeṣẹ́, èrò àwọn tó ṣe wọ́n sì ni pé wọn kò ní nílò òmíràn títí wọn yóò fi parí iṣẹ́ wọn. Èyí lè dára fún ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lórí ọ̀dà. Fún típà tó ń wọ odò, tó ń rìn nínú ẹrẹ̀, àwọn mẹkáníìkì tí a bá sọ̀rọ̀ fẹ́ràn èyí tó ní nípù, nítorí pé gírísì tuntun ló ń ti omi àti ìdọ̀tí jáde.

Láti 1971 ni òfin ti dá àjọ SON sílẹ̀ láti máa rí sí i pé ọjà tó ń wọ orílẹ̀-èdè yìí péye. Àwọn oníbàárà ń fẹ́ kí ojú àjọ náà tún mọ́lẹ̀ sí i lórí irin ọkọ̀, torí pé ẹ̀mí èèyàn wà lórí irin wọ̀nyí bó ṣe wà lórí oògùn.

Ta ni yóò jogún iṣẹ́ náà?

Láyé àtijọ́, gírísì ni wọ́n fi ń ṣí ojú ọmọ iṣẹ́. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ìbọn gírísì àti àkísà ni wọ́n á kó fún un. Ní abẹ́ ọkọ̀ ló ti máa ń mọ orúkọ irin, ibẹ̀ ló ti ń mọ èyí tó dára àti èyí tó ti ń bàjẹ́. Ìgbà tó bá fi máa gba òmìnira, ó ti mọ abẹ́ ọkọ̀ bó ṣe mọ ilé bàbá rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ kò pọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fẹ́ràn ọ̀kadà torí owó ojúmọ́. Àwọn tó ń kọ́ mẹkáníìkì náà, ọkọ̀ kékeré oníkọ̀ǹpútà ló wù wọ́n. Wọn kò jẹ̀bi, ibi tí owó wà ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n àjàgbé àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn tó mọ ọwọ́ rẹ̀ sì ń dàgbà. "Ọmọ mẹ́ta péré ló kù lọ́dọ̀ mi," àgbà mẹkáníìkì náà sọ, bó ṣe ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́. "Ọ̀kan nínú wọn ló ń béèrè ọ̀rọ̀."

Iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ipa tó lè kó níbí. Onímọ̀ ẹ̀rọ tí a bá sọ̀rọ̀ ní ó yẹ kí wọ́n máa pe àwọn àgbà wọ̀nyí wá sí kíláàsì. Ó ní ọmọ iléèwé tó mọ ìdí tí yíyí kírọ́ọ̀sì kì í fi dọ́gba, ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ kan kírọ́ọ̀sì rí, àti ọmọ iṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìdí tí ọ̀gá rẹ̀ fi ń fa ìlà ṣọ́ọ̀kì, àwọn méjèèjì nílò ara wọn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ yìí àti àwọn VIO ìpínlẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ń wo iná, táyà àti ìwé ọkọ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa wo abẹ́ àjàgbé náà. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti di kírọ́ọ̀sì mú, kí wọ́n sì mì í.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn onítípà àti ti àwọn dẹ́rẹ́bà akópákó fi ìbọn gírísì kan sí gáréèjì kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ kankan má ṣe jáde lọ kó ẹrù láìjẹ́ pé wọ́n ti wo pùròpẹ́là rẹ̀. Wọ́n tún lè ní kí wẹ́lídà jó òrùka irin mọ́ abẹ́ ọkọ̀, yí orí pùròpẹ́là ká, kó lè gbà á mú bó bá já, kó má baà balẹ̀. Kí àwọn tó ń ra iyanrìn àti pákó náà dẹ́kun àtimáa ní kí wọ́n di ẹrù kún ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹrù àdìjù wà lára ohun tó ń já kírọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ ni iṣẹ́ yìí wà jù. Ìtọ́jú kì í ṣe ìnáwó àsọnù. Kò sí owó kankan tí èèyàn ń ná sára ọkọ̀ tó kéré tó ti gírísì, tó sì ń dáàbò bo ẹ̀mí tó ti gírísì. Ẹ̀yin tí ẹ ní àjàgbé, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí yóò dún gbàà lójú títì. Ẹ fún dẹ́rẹ́bà yín lówó gírísì, ẹ bi í léèrè bó ti lò ó, kí ẹ sì wọ abẹ́ ọkọ̀ fi ojú ara yín wò ó.